Bàbá Mi Ń Ṣọ́ Epo Lò

Lọ́dún 1993 yìí, epo mọ́tò ti di góòlù ní Ìlọrin.

Bàbá mi ṣáná sí mọ́tò ní Gàmbàrí, a sì gbéra lójú ẹsẹ̀.

"A kì í dúró kí mọ́tò gbóná. Ojú ọ̀nà ni yóò ti gbóná."

Ó ń rọra lọ. Oníkẹ̀kẹ́ ológeere kan yà wá sílẹ̀, ó tún juwọ́ sí wa.

Àǹtí Salimat, àbúrò Bàbá, pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́yìn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ mọ́tò yìí, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ẹni tó ń sáré ń da epo sí títì ni. Ṣé o rí i pé kò rú èéfín?"

A dúró kí rélùwéè kọjá. Kíá, Bàbá pa ẹ́ńjìnì.

"Mọ́tò tó dúró ò gbọdọ̀ mu epo."

A dé Adéwọlé wàyí. Àwọn obìnrin fi orin pàdé wa, wọ́n da omi tútù sí mi lẹ́sẹ̀.

Ìyàwó, èmi Ummu-Kulthum, ti dé ilé ọkọ.

Mo bojú wẹ̀yìn. Bàbá ṣì jókòó sídìí ọkọ̀, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa á! Epo ńkọ́?"

"Fi í sílẹ̀. Bí Ummu-Kulthum bá ní òun ò ṣe mọ́, eré ni a ó bá padà sílé."