Àjàmú Afojú-wọn-ìwà

Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe Àjàmú: kò lè rí ènìyàn kó má sọ irú ẹni tí onítọ̀hún jẹ́. Kí o tó kí i tán, ó ti dá ẹjọ́ ìwà rẹ. Ìgbéraga ni, ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣùgbọ́n ìgbéraga tó ń pani lẹ́rìn-ín ni. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tètè bá a wí.

Akọ̀wé tó ń ka ẹrù ni ní èbúté Àpápá, nígbà tí ariwo àwọn òyìnbó tó lọ fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá kò tíì rọlẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ló ń gbé. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, ṣọ́ọ̀bù Linus onígbàjámọ̀ ní Malu Road ni ẹ ó ti bá a. Linus máa ń ka ìwé ìtàn aláwòrán kan tó ń ti òkè òkun wá fún àwọn oníbàárà rẹ̀, a sì máa túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń kà á. Ìtàn àwọn ọmọ mẹ́rin tó ní ẹ̀bùn àrà ni, tí wọ́n ń wa ọkọ̀ kiri láàárín ìràwọ̀. Zano ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ sì ń dá a lóhùn. Mirela ń rí ohun tó wà lẹ́yìn ògiri. Bí ìtàn bá ti gbóná, ẹni tí wọ́n fá orí rẹ̀ dé ìdajì á gbàgbé ìdajì tó kù.

Àjàmú ní oríṣi ènìyàn mẹ́rin ló wà láyé: oníná, olómi, alátẹ́gùn àti oníyẹ̀pẹ̀. Oníná kì í fara balẹ̀. Olómi kì í bínú. Alátẹ́gùn kò ṣe é gbára lé. Oníyẹ̀pẹ̀ kì í kúrò níbi tí wọ́n bá gbé e sí.

"Dúró ná, Linus!" ni yóò wí. "Oníná ni Zano. Ó máa já ilẹ̀kùn yẹn, kò ní dúró de ọ̀gá rẹ̀."

Linus á ṣí ojú ewé. Zano á ti já ilẹ̀kùn.

"Chai!" Linus á pariwo. "Dis man no be ordinary person o!"

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé Àjàmú ti ka ìwé náà ṣáájú wọn. Àwọn atukọ̀ ló ń fún un ní èyí tó bá jáde ní èbúté, ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó dé ọwọ́ àwọn tó ń tà á ní ìgboro. Irú wòlíì wo nìyẹn!

Òkìkí rẹ̀ kàn dé Àmúkòkò, Ràbíátù aránṣọ sì wá wò ó. Ó wá lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá lẹ́ẹ̀kejì, ó jókòó ti Àjàmú. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ọ̀rọ̀ ti di ti ìgbéyàwó. Àjàmú fẹ́ràn ọmọbìnrin yìí débi pé oúnjẹ kì í wù ú jẹ bí kò bá rí i. Bàbá Ràbíátù nìkan ló kù tí kò tíì gbà.

"Bàbá mi ní àwọn á kọ́kọ́ wo ìwà ẹ," ni Ràbíátù wí.

"Ìwà?" Àjàmú lu àyà. "Èmi tí mò ń wo ti gbogbo ayé?"

Ní Sátidé kan, ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́. Bàbá àgbàlagbà kan wọlé, ó kí gbogbo ilé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà. Fìlà rẹ̀ ti ṣá, epo ọkọ̀ sì ta sí ṣòkòtò rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Àjàmú sọ ohun tí Zano àti Mirela máa ṣe, tó sì bọ́ sí i. Pàtẹ́wọ́ ń dún, orí rẹ̀ ń wú.

"Ti inú ìwé tó gẹ́ẹ́!" ni ó wí. "Ẹ gbé ènìyàn ẹlẹ́ran ara wá!"

"Oya, bàbá tó jókòó yẹn ńkọ́?" ni Linus dáhùn.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Àjàmú yí bàbá náà po lẹ́ẹ̀mejì.

"Oníyẹ̀pẹ̀ pọ́ńbélé! Bí wọ́n bá gbé bàbá yìí sínú ọkọ̀ Zano, ilẹ̀ ni wọ́n á máa gbá. Ìyàwó ló ń pàṣẹ fún wọn nílé, ọmọ wọn ò sì bẹ̀rù wọn rárá!"

Ẹ̀rín sọ. Àwọn kan dì mọ́ ògiri kí wọ́n má bàa ṣubú. Bàbá náà gan-an rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìgbà náà ni Ràbíátù wọlé, ó gbé ẹ̀pà sísè wá fún Àjàmú. Ó rí àgbàlagbà náà, orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀.

"Ẹ káàsán, bàbá mi. Ẹ ti ṣáájú mi dé!"

Àjàmú dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín irun tí wọ́n gé sílẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi," ni bàbá Ràbíátù, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Bàdírù, wí. "Òótọ́ ni pé ìyàwó mi máa ń pàṣẹ. Ìyẹn ò dùn mí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ lọ́rí ni mò ń wà ní èbúté. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, abẹ́ òjìji lọ́rí mi lo ń jókòó sí ka ìwé aláwòrán yìí tí àwọn atukọ̀ ń fún ẹ. Ó ti tó ọdún kan tí mò ń kí ẹ pé, 'Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́.' O ò gbójú sókè rí. O ò mọ̀ mí?"

Àjàmú fọwọ́ bojú.

"Ehn?" Linus ju abẹ sílẹ̀. "So you don read am before!"

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ẹ̀rín tún sọ, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n Àjàmú ni wọ́n ń rín. Ràbíátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Àjàmú, mo lè fẹ́ ẹni tí kò mọ ìwà ènìyàn," ni ó wí. "Mi ò lè fẹ́ ẹni tí kì í dáhùn nígbà tí bàbá mi bá kí i, tó tún wá fi wọ́n ṣẹ̀sín kí ayé lè pàtẹ́wọ́ fún un."

Ó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àjàmú rán àwọn àgbà lọ bẹ̀bẹ̀. Bàbá Bàdírù gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún wọn lómi mu, ó sì ní ẹnu ọmọ òun ni kí wọ́n ti gbọ́ èsì. Ràbíátù ní rárá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé e fún ọkọ ní Àmúkòkò, ojú fèrèsé ni Àjàmú sì ti ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá, tó ń sunkún bí ọmọdé.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn yìí, ẹ mú ẹ̀kọ́ rẹ̀ dání lọ. Ọmọ inú ìwé kò lè ju bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ṣí ojú ewé ìwà ènìyàn wò ṣáájú. Ká bá ara wa jókòó, ká sì máa dá ara wa lóhùn, ni a fi ń mọ ara wa. Má fi ẹ̀tàn gba ìyìn, má sì fi àgbà ṣẹ̀sín. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.