Iná Tí Wọ́n Fi Kún Ìrántí Màámi

Kí Adùnọlá tó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà tí ìrántí ìyá rẹ̀ olóògbé wà nínú rẹ̀, kí ìyá fi oríkì sìn ín. Lónìí, Akínbọ̀dé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi iná mànàmáná kún ìrántí náà kó lè yára.

“Oríkì Màámi ti gùn jù,” ló wí.

Ohùn ìyá ń ta pàràpàrà bí àgbàdo nínú agbada. Òórùn wáyà tó ń jó gba yàrá. Oríkì ìran aládùúgbò wọn ló ń kì fún ọmọ tirẹ̀! Adùnọlá fò dìde.

“Ẹ dín iná yẹn kù, Bọ̀dá mi! Ṣé kì í ṣe ìyá wa nìyí ni?”

“Ó kàn ṣì í sọ díẹ̀ ni. Ṣebí ó ti yá?” Ó tún fi iná kún un.

Oríkì dá wáí.

“Ooru mà ń pa mí o,” ni ìyá wí. “Ta ló bí ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí?”