Ohùn Láníyọnu Lórí Òkè

Akólòlò ni Láníyọnu láti kékeré. Ìtìjú kò jẹ́ kó tíì sọ̀rọ̀ rí lórí rédíò alágbèéká tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, tó gbàwé àṣẹ rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dá jókòó sẹ́yìn ilé rẹ̀ n'Ídànrè, ó ń gbọ́ àwọn ẹgbẹ́ onírédíò tí wọ́n ń kí ara wọn. Ẹ̀rọ kan lórí òkè ló ń gba ohùn wọn tó ń tari rẹ̀ síwájú, a sì máa dún "píì" bí ẹnì kan bá ti dákẹ́.

Alàgbà Fákúnlé, olórí ẹgbẹ́, tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, pè é: "Láníyọnu, dárúkọ ara rẹ fún wa. Má bẹ̀rù."

Ó tẹ bọ́tìnnì. "È-è-èmi..." Ọ̀rọ̀ há sí i lọ́fun. Ó yọwọ́, ojú ń tì í bí ẹni tó ṣubú láàárín ọjà.

Ohùn kan bá gbà á sọ: "Èmi Láníyọnu nìyí, láti Ìdànrè. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà."

Ohùn tirẹ̀ gan-an ni, ó ń ṣàn geere. Ẹ̀rọ orí òkè kò sì dún "píì" nígbà tí ohùn náà dákẹ́.

"O káre," ni Alàgbà wí. Gbogbo wọn ń yìn ín. Ojú ń ti Láníyọnu láti sọ pé òun kọ́. Nígbà tó yá, ó fipá tẹ bọ́tìnnì. "K-kì í ṣe è-èmi..."

"Ta ló ń dí wa lọ́wọ́ yìí?" ni Alàgbà fi ìbínú bèèrè. "Kúrò níbẹ̀, kí Láníyọnu lè sọ̀rọ̀."

Ohùn náà rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. "Ẹ má bá a wí, bàbá. Ojú ló ń tì í. Ẹ jẹ́ kó máa gbọ́ wa."