Ẹgbẹ̀rún Ọdún Ó Dín Ẹyọ Kan

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì kan ilẹ̀kùn Maureen ìsàlẹ̀, ẹni tí wọn ò jọ sọ̀rọ̀ láti ọdún mọ́kànlá nítorí ìkòkò òdòdó kan tó fọ́. Ọdún tí ìwé fún awakọ̀ láti fi ni ilé tirẹ̀ lókè ti kù díẹ̀ jù, kò sì sẹ́ni tó máa rà á bẹ́ẹ̀, kó lè lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Leeds. Àwọn méjèèjì ló jọ ni ilẹ̀ tí ilé náà wà; bí Maureen ò bá fọwọ́ sí ìwé tuntun, ọdún náà ò ní gùn.

Maureen gbé awò sójú, ó ka ìwé tí awakọ̀ mú wá. "Ẹgbẹ̀rún ọdún ó dín ẹyọ kan! Awakọ̀, ṣé ìwọ lo máa sìnkú ayé ni?"

"Jọ̀ọ́, ṣáà fọwọ́ sí i."

"Kó o lè máa fi bàtà rìn gbì-gbì lórí mi títí láé?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ti ṣí bírò.

Ọkàn awakọ̀ balẹ̀. "Fọkàn balẹ̀. Mo fẹ́ tà á ni. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni mò ń lọ."

Maureen dé bírò. Ó ká ìwé náà sí méjì, ó fi í sórí àga, ó sì jókòó lé e.

"Tíì rẹ ńkọ́?" ó ní. "Ṣé ṣúgà mẹ́ta náà ni?"