Ohun Tó Rì Sísàlẹ̀ Bàsíà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ gbé e sílẹ̀. Ibi tó dùn wà níwájú.

1. Wẹ́dà kan tó ń jó irin pọ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń sọ ike àlòkù di epo. Wọ́n á dé ìkòkò irin ńlá pinpin kí afẹ́fẹ́ má wọlé, wọ́n á dáná sábẹ́ rẹ̀. Oru ike á gba inú eruku funfun kan tó ń bá iná gé e sí wẹ́wẹ́. Tó bá tutù nínú páìpù irin tó jáde lára ìkòkò, ó di epo.

Nítorí ìyá wọn ni. Ẹ̀yìnkùlé wọn ni àdúgbò ti ń sun ike, èéfín kì í jẹ́ kí ìyá mí dáadáa. Ìjọba ìbílẹ̀ ní bí àwọn bá fojú ara àwọn rí epo náà, àwọn á fòpin sí sísun náà.

2. Ẹ̀gbọ́n ló ń ju ike sínú bàsíà omi. Èyí tó léfòó ni ti ìkòkò. Èyí tó rì, bí àfọ́kù páìpù omi oníke, ó yà á sọ́tọ̀.

Lọ́jọ́ tí àwọn àlejò láti ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ̀ wá wo epo náà, èyí tó léfòó kò kún ìdajì ìkòkò. Ojú ti Wẹ́dà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọmọ tuntun lẹ ń wẹ̀ ni? Ike ni gbogbo ẹ̀!"

"Páìpù yẹn lóró nínú. Tó bá gbóná, á jẹ irin, á ba eruku wa jẹ́."

"Irin tí èmi fúnra mi jó pọ̀?"

Bí ẹ̀gbọ́n ṣe gbé oúnjẹ lọ fún ìyá, Wẹ́dà da apẹ̀rẹ̀ páìpù kan sínú ìkòkò.

3. Epo kò jáde. Èéfín tó ń ta ni lójú ló tú síta, àwọn àlejò sá. Nínú yàrá, ìyá ń wúkọ́, kò lè dáwọ́ dúró. Ẹ̀rù ba Wẹ́dà gidigidi, ó pa iná. Lọ́jọ́ kejì, ihò wẹ́wẹ́ ti wà lára ìkòkò irin náà, eruku ti dúdú. Ó jókòó, ó sunkún.

"Ẹ bú mi, ẹ̀gbọ́n mi."

"Tí mo bá bú ẹ, ṣé ihò á dí? Dìde, lọ wá irin."

4. Oṣù mẹ́ta ló fi jó irin ìkòkò mìíràn pọ̀, tó sì wá eruku tuntun. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹ̀gbọ́n lọ bẹ àwọn àlejò kí wọ́n tó gbà láti padà wá. Lọ́jọ́ náà, Wẹ́dà fúnra rẹ̀ ló jókòó ti bàsíà. Ìkòkò kò kún. Ó dé e bẹ́ẹ̀. Epo ìgò méjì péré ló kán. Wọ́n rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ tó ń fa omi, ẹ̀rọ náà sì dún.

Àwọn àlejò rí i, wọ́n fòpin sí sísun ike níbẹ̀. Ìyá gbé àga síta, ó mí kanlẹ̀.

"Wẹ́dà, ìwọ lo ṣe èyí?"

"Rárá, màmá. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má torí kí iṣẹ́ yín lè kún lójú àlejò kó ohun tí ẹ mọ̀ pé kò yẹ sínú rẹ̀. Ẹ má sì fi ẹni tó ń fi sùúrù ṣa nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tí kì í gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mọ ara rẹ̀.