Ẹran Iléyá Bùrọ̀dá Raheem

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà o. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi dandan bu ẹran sáwo àlejò.

1. Ní nǹkan bí ọdún 1996, ta ni kò mọ Bùrọ̀dá Raheem ní ìlú Accokeek lókè òkun? Ilé ńlá, ilẹ̀ gbalasa, ọwọ́ tí kì í há. Tí Iléyá bá dé, àgbò rẹ̀ lèèyàn máa ń ròyìn ní mọ́ṣáláṣí. Ohun tó fi ń yangàn ni pé kò sẹ́ni tó máa wọlé òun kó jáde láìjẹran.

2. Lọ́dún yẹn, Anwar àbúrò rẹ̀ mú ìyàwó tuntun wá, Mùlíkàt. Láti kékeré lọmọ yìí ti ń sá fún ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà. Tó bá jẹ ẹ́ pẹ́nrẹ́n, orí á máa fọ́ ọ, á sì máa bì. Bùrọ̀dá rí i tó ń yọ́ ẹran sáwo ọkọ rẹ̀.

"Ìyàwó, ẹran mi lò ń kọ̀? Àbí ọwọ́ mi dọ̀tí ni?"

"Rárá o, sà. Kì í bá mi lára mu ni."

"Ta ni ẹran kì í bá lára mu? This is fresh meat o! Jẹ ẹ́ níṣojú mi jàre."

Ìyàwó ilé wo ló máa ko ẹ̀gbọ́n ọkọ lójú? Mùlíkàt kúnlẹ̀, ó jẹ ẹ́. Kò tán síbẹ̀ o. Bùrọ̀dá di ẹran kún kúlà fún wọn lọ sílé ní Greenbelt, ó sì ń tẹ̀ wọ́n láago láràárọ̀ pé, "Ṣé o ti jẹ tòní?" Ọmọ ọlọ́mọ sì ń jẹ ẹ́.

3. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mùlíkàt gbé fóònù.

"Raheem! Ìwọ Raheem, fi mí sílẹ̀ jàre!"

Háà! Ìyàwó ilé pe ẹ̀gbọ́n ọkọ lórúkọ gbọnrangandan! Inú bí Raheem. Ó kó sínú mọ́tò, ó ń lọ gba ìkúnlẹ̀ àforíjì. Ìgbà tó dé Greenbelt, ó rí i pé bàtà ni Mùlíkàt ń tò sínú fíríìjì. Ojú rẹ̀ là, kò mọ ẹnì kankan mọ́. Ìbínú fò lọ, ẹ̀rù wọlé.

"Anwar, gbé e! Emergency room, now!"

4. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Dókítà béèrè ohun tó jẹ.

"Ẹran ni," Raheem dáhùn wúyẹ́wúyẹ́. "Èmi ni mo fi tipá fún un."

Dókítà ṣàlàyé pé bí a bá jẹ ẹran, ó máa ń fi májèlé kan tó ń jẹ́ amóníà sínú ara. Òṣìṣẹ́ kan wà nínú ẹ̀dọ̀, ẹ́ńsáìmù ni wọ́n ń pè é, òun ló ń bá wa sọ májèlé yìí di ohun tí à ń tọ̀ dànù. Ti Mùlíkàt kò lágbára láti inú ìyá rẹ̀ wá. Díẹ̀ nínú ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà ni apá rẹ̀ ká; májèlé tó ṣẹ́ kù ló lọ da ọpọlọ rẹ̀ rú. Bí wọ́n bá pẹ́ sí i, ọpọlọ rẹ̀ ìbá wú, ọ̀rọ̀ ìbá di ẹkún.

Raheem sunkún bí ọmọdé. Wọ́n fi oògùn fa májèlé náà jáde, títí iyè Mùlíkàt fi padà sípò, tó wò ó, tó ní, "Bùrọ̀dá mi, ẹ kú ìdúró o."

"Alhamdulillah! Ó ti mọ̀ mí!" Ó fò sókè débi pé nọ́ọ̀sì ní kó jókòó jẹ́jẹ́.

Nígbà Iléyá tó tẹ̀ lé e, Raheem fúnra rẹ̀ ló se ẹ̀fọ́ aláìlẹ́ran fún ìyàwó, ó sì jókòó ti àwo rẹ̀. Bí Àǹtí Sherifat, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ṣe gbé ṣíbí ẹran bọ̀, ó kígbe:

"Àǹtí, ẹ dúró níbẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ kó tún pè mí ní Raheem ni?"

Mùlíkàt rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin olóore, ẹ gbọ́ o: ẹni tó bá ní òun ò jẹ, ẹ gbà fún un. Ẹni tí ìwà rẹ̀ bá ṣàdédé yí, ẹ má pè é ní àfojúdi, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń tijú, ẹnu ẹni la fi ń kọ "mi ò jẹ". Ohun tó yẹni ló yẹni; okùn ọrùn ò yẹ adìẹ.