Orin Tó Jáde Ṣáájú Àwo

Luqman jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bàbá aránṣọ kan ní Pòrógun, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ń dúró de ṣòkòtò rẹ̀, nígbà tó gbọ́ orin ara rẹ̀ lẹ́nu bàbá náà. Kì í ṣe orin inú àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ o. Èyí tí kò tíì jáde ni, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sílẹ̀ ní sítúdíò fún àwo kejì.

Ọkàn rẹ̀ dà rú. Búlùúsì tó pò mọ́ rọ́ọ̀kì ni Luqman ń fi gìtá kọ, àwo àkọ́kọ́ kò sì rìn. Àwọn tó gbọ́ ọ ní orin òyìnbó lásán ni, kò ní orírun. Orin tuntun yìí ni gbogbo ìrètí rẹ̀ rọ̀ mọ́. Nínú àwẹ̀ èṣí ló bọ́ sí i lọ́kàn, láàárín oorun àti ìjí, kò pẹ́ lẹ́yìn tó kó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Adó-Èkìtì ni ìyá rẹ̀ ti tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí bàbá náà kú.

Ẹnì kan ṣoṣo ló tíì gbọ́ orin náà: Micah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Adó, tó ń bá a gba ohùn sílẹ̀.

Luqman bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí. Oṣù àwẹ̀ tún ti ń kanlẹ̀kùn. Ní Òdógbolú, ó gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Nílé kejì sí ti Luqman, ìyá arúgbó kan ń kọ ọ́, ó ń fi ṣíbí lu abọ́ tó ń fọ̀. Níbi tí Luqman ti ní, "Olólùfẹ́ dìde, dá mi lóhùn," ìyá náà ní, "Ìyálé dìde, dá iná." Luqman gbà pé ẹni tó jí orin náà ló pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà kí wọ́n má baà mọ̀ ọ́n. Ó bi ìyá náà níbi tó ti kọ́ ọ.

"Ta ni ò mọ̀ ọ́n?" ni ìyá náà wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

 Orin náà ti tàn kálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ó lọ sí sítúdíò, ó pa ẹ̀rọ, ó ní kí Micah dárúkọ ẹni tó tà á fún.

"Mi ò fún ẹnikẹ́ni," ni Micah wí. "Rò ó wò ná. Àgbàlagbà nìkan lo ní ò ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Àgbàlagbà wo ni mo mọ̀ nílùú yìí?"

Luqman ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwo. Micah di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Adó. Ó dun Luqman wọra, nítorí Micah nìkan ló dúró tì í nígbà tí àwo àkọ́kọ́ kùnà, ṣùgbọ́n ìbínú ò jẹ́ kó pè é.

Nígbà tí àwo parí, ó gbé e lọ fún Ràmọ́tà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, kó lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ ọ. Orin náà bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà di ojú, ọwọ́ rẹ̀ wá ṣíbí inú ife tíì rẹ̀ kàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi lu ife náà jẹ́jẹ́. Ẹnu rẹ̀ ti wà níwájú orin.

Luqman sún mọ́ ọn. "Màmá, ta ló kọ́ yín?"

"Ìwọ ló yẹ kí n bi," ni ìyá náà wí, omi sì ti lé sí i lójú, "torí ọmọ ọdún méjì ni ọ́, o wà lọ́rùn bàbá ẹ, nígbà tó fi orin yẹn jí gbogbo Pòrógun láti jẹ sàárì nínú àwẹ̀ tó ṣe kẹ́yìn."